Alumíníọ̀mù Láàárín Òkun àti Ọ̀sà: Ìrìnàjò Láti Ládípọ̀ Dé Badore

Lẹ́kkí jẹ́ ilẹ̀ gbọọrọ tí òkun Àtìláńtíìkì wà ní gúúsù rẹ̀, tí ọ̀sà Èkó sì wà ní àríwá rẹ̀, ọ̀nà márosẹ̀ tó gba àárín rẹ̀ kọjá láti Victoria Island lọ sí Ajah àti Ẹ̀pẹ́ sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí ìjọba Lateef Jakande, gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti ọdún 1979 sí 1983, fi sílẹ̀. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa ọ̀nà yìí sábà máa ń sọ̀rọ̀ nípa ilé olówó ńlá, nípa súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, tàbí nípa bí ìjọba ṣe lé àwọn ará Maroko kúrò nílé wọn ní oṣù keje ọdún 1990. Irin kan ni àròkọ yìí ń tọ̀ lẹ́yìn ní tirẹ̀, èyíinì ni alumíníọ̀mù tó wà lára ẹ́ńjìnì àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí àwọn olólùfẹ́ wọn ń tún ṣe díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ tí àwọn mẹkáníìkì àti ọmọ iṣẹ́ wọn fi ń dá dídán padà sára irin náà lẹ́yìn tí epo, ooru àti afẹ́fẹ́ òkun bá ti sọ ọ́ di eléérú. Ládípọ̀ ni ìrìnàjò náà ti bẹ̀rẹ̀, Badore ló sì parí sí, nítorí pé ojú ọ̀nà yìí ni a ti lè bá irin kan náà lọ́wọ́ oníṣẹ́ mẹ́ta tí ojú tí wọ́n fi ń wò ó kò bára mu rárá.

Ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì Èkó ti ń ra ẹ̀yà ara ọkọ̀, pàápàá tòkunbọ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n ti lò rí ní òkèèrè kí wọ́n tó kó o wọlé. Àwọn ẹ́ńjìnì dùbúlẹ̀ lé ara wọn lórí níwájú ìsọ̀, epo dúdú ń kán lábẹ́ wọn sórí ilẹ̀ tí epo ti mu yó tipẹ́, èérí sì ti sọ gbogbo wọn di àwọ̀ kan ṣoṣo débi pé ojú lásán kò lè ya èyí tó jẹ́ alumíníọ̀mù sọ́tọ̀. Nítorí náà ni oníbàárà tó mọ̀nà ọjà ṣe máa ń fi òòfà kékeré sápò: níbi tí òòfà bá ti lẹ̀ típẹ́típẹ́, irin lásán ni, níbi tí kò bá ti lẹ̀, ó lè jẹ́ alumíníọ̀mù, ó sì lè jẹ́ irin funfun mìíràn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ó yẹ kí a mọ àwọn ẹ̀yà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Tọ́ọ̀pù sìlíńdà ni orí ẹ́ńjìnì, níbi tí epo tó ti dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ ti ń gbiná. Kọ́fà tápẹ́ẹ̀tì ni ọmọrí tó bo orí yìí, òun sì ni ojú máa ń kọ́kọ́ bá bí wọ́n bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Máníífóòlù ni ọ̀pá oníhò tó pẹ̀ka, tó ń pín afẹ́fẹ́ àti epo láti inú kabúrétọ̀ sí ihò ẹ́ńjìnì kọ̀ọ̀kan. Ilé gíá sì ni àpótí tí àwọn eyín gíá wà nínú rẹ̀. Alumíníọ̀mù wu àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnì fún irú ẹ̀yà wọ̀nyí nítorí pé kúbíìkì sẹ̀ńtímítà kan rẹ̀ kò wọ̀n ju gíráàmù 2.7 lọ, nígbà tí ti irin sún mọ́ 7.9, àti nítorí pé ó ń tètè gbé ooru kúrò níbi tí iná ti ń jó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ máa ń yọ́ bí ooru bá dé ìwọ̀n sẹ́ńtígíréédì 660. Wọn kì í dà á ní òun nìkan. Wọ́n máa ń fi sílíkọ́ọ̀nù lù ú pọ̀ kí ó lè ṣàn dé gbogbo kọ̀rọ̀ mọ́ọ̀dù, ìyẹn àpótí tí wọ́n ń da irin yíyọ́ sí, kí ó sì le nígbà tó bá tutù. Sílíkọ́ọ̀nù yìí náà ló fà á tí alumíníọ̀mù ẹ́ńjìnì, bó ti wù kí a nù ún tó, fi máa ń ní ewú díẹ̀ nínú dídán rẹ̀, tí kì í funfun tó èyí tí wọ́n fi ṣe àwo pẹlẹbẹ.

Ojú kílò ni oníṣòwò Ládípọ̀, oníṣẹ́ àkọ́kọ́, fi ń wo irin yìí. Bí tọ́ọ̀pù sìlíńdà kan bá ti sán, tí kò sí ẹni tí yóò rà á mọ́, yóò gba ọ̀nà Òwòdé Onírin tàbí irú ọjà bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn adàkòkò, àwọn tí wọ́n ń yọ́ àlòkù ẹ́ńjìnì sínú mọ́ọ̀dù yanrìn láti fi da ìkòkò ńláńlá tí wọ́n fi ń se ìrẹsì níbi àríyá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àwọn onímọ̀ tó yẹ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ wò ní Kamẹrúùnù sì rí òjé nínú wọn, nítorí pé kò sẹ́ni tó ń bi àlòkù léèrè ibi tó ti wá kí wọ́n tó jù ú sínú iná. Owó tí oníbàárà ń san fún tọ́ọ̀pù tó ṣì dára ju iye tí adàkòkò yóò san lórí rẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo iṣẹ́ tí a fẹ́ sọ yìí dúró lé.

Láti Múṣin, ẹ̀yà tí wọ́n bá rà yóò wọnú àpò Ghana-Must-Go, yóò gba orí afárá Third Mainland tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990, tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 11.8, yóò já sí Ìkòyí, yóò sì gba afárá alókùn tí wọ́n ṣí ní oṣù karùn-ún ọdún 2013 bọ́ sí Lẹ́kkí. Ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yóò mọ̀ ọ́n lára pé afẹ́fẹ́ ti yàtọ̀, nítorí pé láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni ẹ̀fúùfù ti ń fẹ́ fún apá tó pọ̀ jù nínú ọdún, orí òkun ló sì ń gbà wá pẹ̀lú ọ̀rinrin àti iyọ̀. Àwọn onílé etí òkun mọ iṣẹ́ rẹ̀ lára páánù òrùlé àti lára ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n so mọ́ ara ògiri. Ohun tó ń ṣe fún alumíníọ̀mù jọ èyí, ṣùgbọ́n ó gba ọ̀nà mìíràn.

Alumíníọ̀mù kì í dógùn-ún bí irin ti í dógùn-ún. Ní kété tí afẹ́fẹ́ bá ti kan ojú rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ha, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á so mọ́ ọn, á sì di awọ kan tí kò nípọn ju nànómítà díẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù kan nànómítà ló wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Awọ yìí le gan-an, ó sì ń dí afẹ́fẹ́ yòókù lọ́nà, ìdí nìyẹn tí fèrèsé alumíníọ̀mù fi lè lo ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé ó jẹrà. Kílóráídì tó wà nínú iyọ̀ òkun ló mọ ọ̀nà ẹ̀yìn ilé náà: ó ń wá ibi tí awọ ti fẹ́lẹ́, ó ń gbẹ́ kòtò tín-ín-tìn-tín sábẹ́ rẹ̀, ìyẹ̀fun funfun á sì máa yọ jáde lẹ́nu kòtò. Bí bọ́ọ̀tì irin bá tún wà nínú alumíníọ̀mù náà, tí omi iyọ̀ sì so àwọn méjèèjì pọ̀, iná mànàmáná kékeré kan á máa ṣàn láàárín wọn, alumíníọ̀mù ni yóò sì máa jẹ tán díẹ̀díẹ̀ nítorí bọ́ọ̀tì. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀tì tó ń kán mọ́ mẹkáníìkì lọ́wọ́ ní Lẹ́kkí, ibẹ̀ ni àìsàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe irú àtúnṣe yìí fún kò pọ̀ ní ìran. Volkswagen tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìjàpá wà lára wọn, èyí tí ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975. Peugeot 504 wà níbẹ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní Faransé ní ọdún 1968, tí ilé-iṣẹ́ Kàdúná náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1975 yẹn kan náà. Bẹ́ǹsì àwọn ọdún 1970 àti 1980 sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọkọ̀ tí àwọn ọ̀gá ìjọba, olùkọ́ àgbà àti oníṣòwò gùn nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé ni wọ́n, àwọn ọmọ wọn tí wọ́n ń gbé Lẹ́kkí báyìí ló sì ń wá wọn kiri. Bí owó ilẹ̀ ti ń gòkè, ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ń sún sẹ́yìn lójú ọ̀nà kan náà, láti ìhà Igbó Ẹfọ̀n àti Jakande lọ sí Ajah, láti Ajah lọ sí Ṣàngótẹ̀dó, débi pé olówó ọkọ̀ tó ń gbé nítòsí ẹnubodè Lẹ́kkí gbọ́dọ̀ rin ìrìnàjò gidi kó tó lè fojú kan ẹ́ńjìnì ara rẹ̀. Nípa ìrìnàjò yẹn, àlàyé kò pọ̀: ẹni tó bá kúrò nílé lẹ́yìn aago méje òwúrọ̀ ti mọ ohun tó ń dúró dè é.

Ní Ajah, nínú àwọn òpópónà tó ya kúrò lẹ́bàá ọjà lọ sí ìhà Ado àti Langbasa, ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kì í sábà ju páánù mẹ́rin lórí igi lọ, pẹ̀lú yanrìn funfun nílẹ̀ àti igi mángòrò tàbí àgbọn kan tí wọ́n so okùn tí wọ́n fi ń gbé ẹ́ńjìnì mọ́. Ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ kejì nìyí, ẹni tí kì í wo kílò. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì, láti yọ epo gbígbẹ. Lẹ́yìn náà ni omi ọṣẹ ìfọṣọ, tí wọ́n sì máa ń ṣan án títí tí omi yóò fi mọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà níbí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ti rí bí kọ́síìkì, ìyẹn kẹ́míkà líle tí àwọn aṣọṣẹ ń lò, ṣe ń fọ èérí kúrò lára irin, máa ń rò pé yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún alumíníọ̀mù, ṣùgbọ́n kọ́síìkì ń jẹ awọ tó ń dáàbò bo alumíníọ̀mù, lẹ́yìn náà á jẹ alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀, á máa hó, á sì máa tú háídrójìn, afẹ́fẹ́ tó ń gbiná wàrà, sínú ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó bá jáde nínú omi náà á dúdú, á sì ní ihò ṣákaṣàka. Omi eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú ní irú ìwà kan náà, bí agbára rẹ̀ kò tilẹ̀ tó tirẹ̀.

Lẹ́yìn fífọ̀ ni híha. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn sáńpépà ń sọ bí hóró orí rẹ̀ ti tóbi tó, bí nọ́ńbà bá sì ti ń pọ̀ ni hóró ń kéré. Fún kọ́fà tápẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ ṣì rí hẹ́kẹhẹ̀kẹ bó ṣe jáde nínú mọ́ọ̀dù, 120 ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á lọ sí 220, 320, 400 àti 600, kí wọ́n tó bọ́ sí 800, 1000, 1500 àti 2000. Hóró orí àwọn kan lára sáńpépà wọ̀nyí jẹ́ alumíníọ̀mù tó ti so mọ́ ọ́síjìn, ohun kan náà gan-an tó bo ojú irin tí wọ́n ń ha, a sì lè sọ pé awọ alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ń bó awọ alumíníọ̀mù. Nínú gbogbo iṣẹ́ náà, òfin kan ni kò gba ìyọ̀ǹda: bí wọ́n bá fi nọ́ńbà kan ha á síhà òró, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ lọ síhà ìbú, kí ojú lè rí i nígbà tí gbogbo ilà ti àkọ́kọ́ bá ti parẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fo nọ́ńbà kan kì í rí àbọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó dìgbà tó bá fi pólíìṣì nù ún, tí oòrùn sì ta sí i, kí àwọn ilà jíjìn tó yọjú lábẹ́ dídán.

Ó yẹ kí a wo ọwọ́ tó ń ṣe é dáadáa. Sáńpépà wà lórí ègé rọ́bà tí wọ́n gé lára sílípáàsì àtijọ́, kí ìka má baà gbẹ́ kòtò sójú ibi tó tẹ́jú. Níbi tí orúkọ ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnì ti yọrí sókè lára kọ́fà, wọ́n á yí sáńpépà mọ́ ara bírò láti wọ àárín lẹ́tà kan sí èkejì. Píọ́ wọ́tà kan wà lókè, wọ́n ti já igun rẹ̀ díẹ̀, omi tí wọ́n bu ọṣẹ díẹ̀ sí ń kán láti inú rẹ̀ sórí iṣẹ́, nítorí pé alumíníọ̀mù rọ̀, eruku rẹ̀ sì máa ń dí ojú sáńpépà gbígbẹ débi pé dípò kí ó ha, ńṣe ni yóò máa fa ojú irin ya. Ọmọ iṣẹ́ náà ń ti ọwọ́ lọ sókè láìyí i po, ó ń dúró, ó ń fi àtàǹpàkò kọjá lórí ibẹ̀, ó sì ń gbé e dá sí oòrùn kí ó lè rí i láti ẹ̀gbẹ́. Ìka ń mọ ohun tí ojú kò tíì rí: òkè kékeré níbi tí ẹnìkan ti wẹ́ẹ̀dì rẹ̀ rí, tàbí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ láti ihò bọ́ọ̀tì kan sí òmíràn, tí kò ní parẹ́ bó ti wù kí a ha á tó, nítorí pé sísán ni. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ló jẹ́ pé ìgbà híha yìí ni wọ́n ń mọ̀ pé kò yẹ kí wọ́n rà á, ó sì sàn kí wọ́n mọ̀ ọ́n nílẹ̀ níbí ju kí wọ́n mọ̀ ọ́n ní àárín ọ̀nà Ẹ̀pẹ́.

Pólíìṣì ló kẹ́yìn. Brasso, tí wọ́n ti ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1905, tí ọlọ́pàá àti sójà Nàìjíríà fi ń nu ìdè bẹ́líìtì, ni ó wọ́pọ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nítorí idẹ ni wọ́n ṣe é. Ẹni tó bá lówó á ra èyí tí wọ́n ṣe fún alumíníọ̀mù. Aṣọ tí wọ́n fi ń nù ún á dúdú kirikiri láàárín ìṣẹ́jú méjì, ọmọ iṣẹ́ tuntun á sì rò pé ìdọ̀tí ló ń jáde, á tẹnu mọ́ ọn, á ní òun kò ní dúró títí aṣọ yóò fi funfun. Alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ ni dúdú yẹn, ó ti di eruku, aṣọ kò sì ní funfun láéláé níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ bá ṣì ń lọ. Aṣọ tó mọ́ ni ọ̀gá fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò nù ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kọ́fà yóò sì dán gbinrin tó fi lè fi eyín ẹni han ẹni.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so òwú ìnuǹkan mọ́ wà ní Èkó, ó sì lè ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan ní wákàtí kan. Iná mànàmáná tí kò dúró, àti epo jẹnẹrétọ̀ tó wọ́n gógó láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ń jẹ́ kí ọwọ́ ṣì máa jẹ oúnjẹ rẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òṣì nìkan ló fà á. Ẹ̀rọ máa ń jẹ etí igun, ó máa ń pa lẹ́tà rẹ́, ó sì máa ń sáré kọjá lórí sísán. Ọwọ́ kì í sáré. Ìmọ̀ yìí sì ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá tipẹ́ kí ẹ́ńjìnì tó dé: ewé ìpín, tí sílíkà inú rẹ̀ mú kí ojú rẹ̀ máa ha ọwọ́, ni àwọn agbẹ́gilére fi ń dán igi, ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú sì ni wọ́n fi ń nu idẹ. Aláṣejù lásán ni yóò sọ pé ọmọ iṣẹ́ Ajah jogún ọ̀nà rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó da orí idẹ Ifẹ̀, ṣùgbọ́n sùúrù tí iṣẹ́ méjèèjì ń béèrè kò yàtọ̀.

Ibi tí ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó mọṣẹ́ àti ẹni tó kàn ń mú nǹkan dán ni ibi tí kò yẹ kí sáńpépà dé. Ó wọ́pọ̀ kí olówó ọkọ̀ na ìka sí abẹ́ tọ́ọ̀pù sìlíńdà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, kí ó ní, “Ẹ jẹ́ kí ibí yìí náà dán,” kí mẹkáníìkì sì dáhùn pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká fọwọ́ kan ibẹ̀ o.” Abẹ́ yẹn ni ojú tí tọ́ọ̀pù fi ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnì, gáskẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pẹlẹbẹ tí kì í jẹ́ kí omi, epo àti iná pàdé, ni wọ́n sì ń fi sáàárín wọn. Ojú náà gbọ́dọ̀ tẹ́jú débi pé nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, wíwọ́ tó bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ kò ṣe é gbà, ọwọ́ ènìyàn tó ń ti sáńpépà kò sì lè ṣe kí ó má jẹ ẹ̀gbẹ́ ju àárín lọ. Bí ó bá ti wọ́, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ tó ń fá irin ni wọ́n ń gbé e lọ. Ewu mìíràn tún wà: hóró sáńpépà tó bá jábọ́ sínú ojú ọ̀nà epo ẹ́ńjìnì yóò máa bá epo yí ká, yóò sì máa ha béárínì títí ẹ́ńjìnì yóò fi kú, láìsí ẹni tí yóò ronú kan dídán tó fà á.

Inú máníífóòlù náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ìgbàgbọ́ kan wà láàárín àwọn ọ̀dọ́ pé bí inú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà bá ti dán tó ni ọkọ̀ yóò ṣe sáré tó. Nínú ẹ́ńjìnì oníkabúrétọ̀, epo kì í di afẹ́fẹ́ tán kó tó kúrò nínú kabúrétọ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri ihò, ògiri tó bá sì hẹ́kẹ díẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ láti gbẹ padà sínú afẹ́fẹ́, nígbà tí ògiri tó yọ̀ bọ̀rọ́ ń jẹ́ kí ó ṣàn bí omi. Kí wọ́n gé òkè tó dí ọ̀nà kúrò, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní 120 tàbí sún mọ́ ọn, ló tọ́. Etí pẹlẹbẹ tó yí orí ẹ́ńjìnì Ìjàpá ká, tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá láti mú un tutù nítorí pé kò ní radiétọ̀ olómi, kò yẹ kí ó dán pẹ̀lú, nítorí pé alumíníọ̀mù dídán kì í tú ooru síta tó èyí tó ṣú; afẹ́fẹ́ ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀, òótọ́ ni, àmọ́ nínú oòrùn Ajah, kò sí ìdí láti fi díẹ̀ tó kù tọrẹ.

Ìjàpá yìí kan náà ló mú irin funfun kejì wá. Àpótí tó di ìdajì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì rẹ̀ mú kì í ṣe alumíníọ̀mù, magnẹ́síọ̀mù tí wọ́n lù pọ̀ mọ́ irin mìíràn ni. Òòfà kì í lẹ̀ mọ́ ọn, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti alumíníọ̀mù bí èérí bá ti kúrò. Kúbíìkì sẹ̀ńtímítà kan magnẹ́síọ̀mù jẹ́ gíráàmù 1.74, nítorí náà ìwúwo lọ́wọ́ lè fi í hàn; ẹ̀kán fínígà kan lè fi í hàn pẹ̀lú, nítorí pé yóò hó lójú ẹsẹ̀ lórí magnẹ́síọ̀mù, ṣùgbọ́n kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ lórí alumíníọ̀mù. Eruku magnẹ́síọ̀mù gbígbẹ lè gbiná láti ara ìtapàrà kan, omi tí ẹnìkan bá sì fi ìbẹ̀rù dà sí i yóò fún iná náà lágbára. Yanrìn gbígbẹ ni wọ́n ń dà lé e, yanrìn kò sì wọ́n ní Lẹ́kkí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé yanrìn ilẹ̀ náà kì í sábà gbẹ, ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí sì gbọ́dọ̀ ti sá a sóòrùn sínú garawa ṣáájú. Ọ̀pọ̀ kabúrétọ̀ tún jẹ́ àdàlù síńkì, tó wúwo ju méjèèjì lọ, tí kì í sì í dán pẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní sáńpépà láìkọ́ ọ bí a ṣe ń mọ irin kan yàtọ̀ sí èkejì ti fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ láàbọ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí ni iyọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Láti oṣù kẹrin dé ìkẹwàá, nígbà tí òjò àti ẹ̀fúùfù òkun bá gba ìgboro, ojú tó dán á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà ọyẹ́, tí ẹ̀fúùfù bá wá láti àríwá, afẹ́fẹ́ á gbẹ, dídán á sì pẹ́, ṣùgbọ́n eruku aṣálẹ̀ tó ń bà lé e ní yanrìn nínú, ẹni tó bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún ti ha á nìyẹn. Àwọn kan máa ń fi wáàsì bò ó, àwọn kan máa ń fọ́n fáníìṣì tí kò láwọ̀ sí i. Wáàsì kì í pẹ́ lára ohun tó ń gbóná. Fáníìṣì lásán á di àwọ̀ tíì lórí ẹ́ńjìnì, bí iyọ̀ bá sì wọ abẹ́ rẹ̀ láti ibi tó ti là, ìyẹ̀fun funfun á máa rìn kiri lábẹ́ rẹ̀ láìsí bí ọwọ́ yóò ṣe dé ibẹ̀. Nínú méjèèjì, wáàsì ló sàn, nítorí pé ó rọrùn láti yọ.

Ọ̀nà Ado láti Ajah parí sí Badore, létí ọ̀sà, níbi tí èbúté ọkọ̀ ojú omi wà, ibẹ̀ sì ni oníṣẹ́ kẹta wà, ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi ṣe, Yamaha lọ́pọ̀ ìgbà. Àdàlù alumíníọ̀mù kan náà ni ara ẹ́ńjìnì wọ̀nyí, inú omi ọ̀sà ló sì ń gbé, omi tí iyọ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó sì ń dín kù nígbà òjò. Kò sí ẹni tó ń dán an níbẹ̀. Ọ̀dà ni wọ́n fi bò ó dáadáa, ibi tí ọ̀dà bá sì ti bó ni wọ́n ń tètè tún kùn. Omi tí kò níyọ̀ ni wọ́n ń fi ṣan inú ẹ́ńjìnì lẹ́yìn iṣẹ́. Wọ́n sì máa ń de ègé síńkì kan mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí pé síńkì ń tètè jẹ ju alumíníọ̀mù lọ, òun ni iyọ̀ yóò sì kọ́kọ́ máa jẹ, títí yóò fi ku díẹ̀ tí wọ́n á fi pààrọ̀ rẹ̀. Bọ́ọ̀tì kan kì í wọlé láìjẹ́ pé gírísì ti wà lára rẹ̀.

Àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ ní Lẹ́kkí kì í sábà dé Badore, àdánù ni fún wọn. Bí wọ́n bá wo ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, wọn ò ní máa ná owó oṣù méjì lórí kí ilé gíá dán, ẹ̀yà tí kò sí ẹni tí yóò rí i, tí kò sì rọrùn láti tú ká. Ọ̀dà tí ooru kò lè bó ló yẹ ilé gíá àti ẹ̀gbẹ́ tọ́ọ̀pù sìlíńdà, gírísì ló yẹ gbogbo bọ́ọ̀tì, kí dídán sì mọ sí kọ́fà tápẹ́ẹ̀tì àti irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ tí ọmọ iṣẹ́ lè tú ní ọ̀sán Sátidé, kí ó gbé e lé orí tábìlì, kí ó fi 2000 àti pólíìṣì tún un ṣe, kí ó sì dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ti Ìjàpá, títú kọ́fà tilẹ̀ rọrùn jù, nítorí pé bọ́ọ̀tì kankan kò de kọ́fà rẹ̀. Wáyà líle kan ló dì í mú, súkúrúdíráfà kan ló sì ń ṣí i.